Sítóòfù onígi wo ni mo lè gbé sínú ilé tó wà ní àdúgbò tí wọn ò ti gba èéfín láyè?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ilé àtijọ́ ni ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀, ó ní ibi ìdáná nínú pálọ̀ tí wọ́n ti fi pátákó dí. Bàbá wọn fẹ́ ká ṣí i, ká gbé sítóòfù onígi síbẹ̀, kí pálọ̀ lè máa móoru lálẹ́ láìjẹ́ pé gbogbo ilé là ń tan gáàsì fún. Aládùúgbò wa ló wá ta wá lólobó pé Smoke Control Area ni àdúgbò yìí, pé káńsù lè bu owó ìtanràn lé wa. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí sítóòfù àwọn tí kò ní Ecodesign, ìyẹn ìlànà tó ń dín èéfín sítóòfù kù, ó sì ń fi èyí tí agbára ooru rẹ̀ jẹ́ 8 kW lọ̀ mí. Pálọ̀ wa gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 4, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 2.4. A tún rí àlòkù kan lórí Facebook tí owó rẹ̀ ò tó ìdajì tuntun.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ní ásìmà, àmọ́ kì í ṣe èyí tó le. Kí ni ká yẹ̀ wò ká tó náwó?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹni tó ń tajà yẹn ò purọ́, àmọ́ òótọ́ rẹ̀ ò pé. Láti January 1, 2022 ni sítóòfù tuntun èyíkéyìí tí wọ́n bá máa tà ti gbọ́dọ̀ bá ìlànà Ecodesign mu. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ẹni tó ń tà á nìyẹn ń bá wí. Èyí tó kan ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dáná ní àdúgbò yín ni pé orúkọ sítóòfù náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ àwọn tí Defra, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, yọ̀ǹda, èyí tí wọ́n ń pè ní exempt appliances. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá orúkọ náà ní lẹ́tà sí lẹ́tà, títí dé nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti rí i tí 5 kW ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ò sí. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa sun nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi ni wọ́n kọ, kì í ṣe pé ẹ wá lè da èédú tó bá wù yín sí i.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n tò wọ́n sí, ẹ di ọ̀pá tó ń darí afẹ́fẹ́ òkè mú, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú gíláàsì wọlé, kí ẹ tì í bíi pé ẹ fẹ́ pa á dé. Lára púpọ̀ nínú àwọn tí Defra yọ̀ǹda, irin kékeré kan máa dá ọ̀pá náà dúró kó tó dé òpin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, kí ẹni tó ni ín má baà fún iná lọ́rùn. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ mí ló ń rú èéfín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ra 8 kW yẹn. Àwa oníṣẹ́ máa ń fi gígùn yàrá lu fífẹ̀ rẹ̀, ká fi í lu gíga rẹ̀, ká wá fi 14 pín in. Tiyín á já sí 48, tí ẹ bá fi 14 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.5. Sítóòfù 4 kW tó yín, èyí tó bá sì pọ̀ jù, kó má ju 5 lọ. Ẹ gbé 8 kW síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí kálukú á fi máa bọ́ súwẹ́tà, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ooru lè dín. Igi ò ní jó dáadáa mọ́, gíláàsì á dúdú, ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ inú ṣímìnì, sítóòfù tí ìjọba yọ̀ǹda yẹn á sì máa rú èéfín bí ààrò àwọn tó ń yan ẹja. Ká má tíì sọ pé sítóòfù tó bá ti ju 5 kW lọ, òfin ilé kíkọ́ ní kẹ́ ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ tí kì í dé sára ògiri. Òtútù tí ẹ̀ ń sá fún á wá máa gba ibẹ̀ wọlé.

Bọ̀dá Peckham

Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ràn wàhálà o. Pátákó pálẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sun láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ta ló mú un?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Wọn ò tíì mú un ni, àbúrò. Ní England, bí wọ́n bá rí èéfín tó ń jáde lójú ṣímìnì yín, káńsù lè ní kẹ́ ẹ san £175 títí dé £300, wọn ò sì ní gbé yín dé kóòtù kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tó bá lọ ra ohun ìdáná tí wọn ò fọwọ́ sí, tó wá ń sun ún nínú ohun tí kò sí nínú àkójọ yẹn, tiẹ̀ lè tó £1,000. (Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, kí ará ibẹ̀ má fi ti England ṣe ìwọ̀n.) Ẹ sì mọ̀ pé àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Aládùúgbò ló máa ń pe káńsù, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Pálẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Òmíràn wà tí wọ́n ti fi oògùn pa kòkòrò rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ MB sí lára. Ẹ má jẹ́ kó wọ sítóòfù láéláé. Pátákó tí wọ́n kùn lọ́dà, MDF, plywood, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ní ásìmà, ẹ má bínú pé màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ káńsù àti owó ìtanràn ni òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní December 1952, èéfín àti kùrukùru bo London fún ọjọ́ 5, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó, ọmọ ọwọ́ àti àwọn tí àyà ń dùn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Clean Air Act ti 1956 ti wá. Èédú ni wọ́n ń sun púpọ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ èéfín igi náà ní eruku tí a ń pè ní PM2.5, tó fi nǹkan bí ìlọ́po 30 kéré sí fífẹ̀ irun orí kan. Imú ò lè dá a dúró, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń lọ.

Sítóòfù tí ó dára jù lọ nínú àkójọ Defra ṣì ń tú u jáde, ó sì fi púpọ̀púpọ̀ ju ti gáàsì lọ. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti fi igi sí i, díẹ̀ á ya wọ pálọ̀. Ilé tí ó ti ní ẹ̀rọ amúlémóoru tó ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ alásìmà sì wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní gbé e sí i.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àǹtí, mi ò bínú rárá, mo dúpẹ́. Bàbá wọn ni mo ń wá bí màá ṣe sọ fún báyìí, ó ti ń wo fọ́tò sítóòfù láti oṣù tó kọjá. Tí a bá ń tan án ní ìrọ̀lẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ńkọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti gòkè lọ sùn?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ó sàn ju ojoojúmọ́ lọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ásìmà rẹ̀. Tí ẹ bá wá rí i pé ó ń lo bùlúù ínhélà rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ dáná, ẹ pa iná yẹn tì, kẹ́ ẹ má tíì máa wá àwáwí.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Ohun tí Àǹtí sọ ń pa iṣẹ́ mi lára, àmọ́ òótọ́ ni.

Alàgbà Onígi, Kent

Gbogbo ẹnu ni sítóòfù kún, kò sẹ́ni tó bi í léèrè irú igi tó fẹ́ sun. Ẹ lè ra èyí tó wọ́n jù lọ lọ́jà, kí igi tútù sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Omi tó wà nínú igi gbọ́dọ̀ gbẹ kúrò kí igi tó lè jó, ooru tí ẹ sanwó fún ni yóò sì fi gbẹ ẹ́. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Láti May 1, 2021, igi tí wọ́n bá ń tà ní England tí kò tó kúbíìkì mítà 2 gbọ́dọ̀ ní àmì Ready to Burn lára. Ẹni tó bá ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè gba èyí tí kò tíì gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sá a.

Èmi ò gba àmì gbọ́ títí màá fi rí i lójú ara mi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lórí, kò wọ́n. Àṣìṣe tí èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á gún ìdí igi tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ gbẹ, á sì ka 14, inú wọn á dùn. Ẹ mú àáké, ẹ la igi náà sí méjì, kẹ́ ẹ gún abẹ́rẹ́ yẹn sí àárín ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Igi tó ka 14 lẹ́ẹ̀kan lè ka 27 níbẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, ẹ fi igi méjì lu ara wọn: gbígbẹ á dún gbanran, tútù á dún gbì.

Ash àti beech dára púpọ̀. Oak náà dára, àmọ́ ó ń pẹ́ gbẹ, ọdún 2 kì í ṣe nǹkan lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní igi rírọ̀ ò dára rárá kàn ń sọ tẹnu rẹ̀ ni, tó bá ṣáà ti gbẹ. Àmọ́ o, Ìyá Ìbejì, tí gbogbo igi bá jẹ́ rírà, ẹ má fọkàn sí i pé owó gáàsì á dín tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ní Bristol

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn béèrè. Sítóòfù 5 kW tiwa wà nínú àkójọ Defra, igi wa gbẹ, síbẹ̀ gíláàsì rẹ̀ máa ń dúdú, èéfín á sì bo ojúlé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Kí ló fà á?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Báwo lẹ ṣe ń to igi rẹ̀? Mo fura pé ìsàlẹ̀ lẹ ti ń dáná, tí ẹ wá ń to igi ńlá lé e lórí. Ẹ yí i padà. Igi ńlá méjì ní ìsàlẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ lórí wọn, ohun tí ẹ fi ń ṣáná kó wà lókè pátápátá. Iná á máa jó bọ̀ nísàlẹ̀, èéfín tí igi ìsàlẹ̀ bá tú jáde á gba àárín iná kọjá, á jó níbẹ̀ kó tó dé ṣímìnì. Ẹ ṣí gbogbo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ títí inú rẹ̀ fi máa gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà, igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, lórí ẹ̀yinná tó pọ́n, kì í ṣe lórí èyí tó ti ń di eérú. Ẹ má sì kó igi kún inú rẹ̀ kẹ́ ẹ wá pa afẹ́fẹ́ dé kó lè jó di àárọ̀. Kò sí sítóòfù tó mọ́ tí wọ́n bá ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ní Bristol

Hà! Bẹ́ẹ̀ gan-an la ń ṣe é. Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àlòkù orí Facebook yẹn ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Ẹ ní kó ya fọ́tò irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ sí lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá rí i yà, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá yà á, ẹ lọ fi orúkọ náà wé àkójọ Defra, torí pé ó jẹ́ àlòkù ò yọ ọ́ kúrò nínú òfin yẹn. Tí ẹ bá wá débẹ̀, ẹ fi bébà pẹlẹbẹ sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, kẹ́ ẹ fa bébà náà. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, okùn tó yí ilẹ̀kùn ká ti kú nìyẹn. Okùn ò wọ́n. Àmọ́ tí ara irin rẹ̀ bá ti sán, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ má retí pé owó rẹ̀ á wá kéré tó bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ gbígbé e sílẹ̀ lè ju owó sítóòfù lọ. Ẹni tó wà nínú ìwé HETAS, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ sítóòfù sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ pè, òun ló lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti fi tó ẹ̀ka ilé kíkọ́ ní káńsù létí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ké tí carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn, bá wà nínú yàrá síbẹ̀, dandan ni. Ní ti páìpù tí wọ́n ń rì sínú ṣímìnì, mílímítà 125 tó fún sítóòfù tí Defra yọ̀ǹda, 150 ni fún àwọn tí kò sí nínú àkójọ, èyí sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ ńlá nínú ṣímìnì àtijọ́ tó há. Kó tan fáànù ilé ìdáná yín sílẹ̀ nígbà tó bá ń dán sítóòfù wò. Fáànù tó lágbára lè fa èéfín padà wọlé.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí, Alàgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ibi tí Àǹtí sọ̀rọ̀ sí etí bàbá wọn. Ó ní ká ṣì rí nọ́ọ̀sì ọmọ náà ná, pé tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fi pátákó yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Tó bá gbà, 4 kW tuntun la máa wá. Ṣé ká lọ san owó àsansílẹ̀ sórí ọ̀kan nísinsìnyí tí wọ́n dín owó rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Ṣímìnì

Rárá o. Ẹ pe ẹni tó ń gbá ṣímìnì kó kọ́kọ́ gbá a, kó sì tan èéfín dán an wò bóyá ó ń jò sínú yàrá òkè. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti ra sítóòfù, tí ṣímìnì wọn ti fọ́ láti àjà kejì lọ sókè. Ibi tí àwọn ìbejì ń sùn, ṣé òkè pálọ̀ yẹn gan-an ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Òkè rẹ̀ gan-an ni. Màá pè é lọ́la.