Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Àgùdà, ìgbà wo ni Ìyá Màríà tù yín nínú?

Ìyá Bọ́lá: September 15 ń bọ̀, ọjọ́ Màríà Ìyá Ìbànújẹ́. Ẹni tí Ìyá Màríà bá ti dúró tì nígbà ọ̀fọ̀, ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Mo ti jókòó. Ẹ máa sọ ọ́.

Adúnní: Àkọ́bí mi ọkùnrin ló lọ. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n mú mi jókòó sí yàrá, àwọn obìnrin ẹbí yí mi ká, wọ́n ń ní "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Omi wo? Mò ń gbọ́ bí mọ́tò tí wọ́n fi gbé e ṣe ń lọ. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ò wá. Mo kàn lọ jókòó síwájú ère Màríà tó gbé òkú Jésù lé itan. Ọ̀dà ti bó lórúnkún ère náà níbi táwọn èèyàn máa ń fọwọ́ kàn. Mo ní, "Ìyá, wọ́n jẹ́ kí ìwọ gbé tìẹ." Ibẹ̀ ni mo ti sunkún tẹ́ra mi lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún rí irú ẹ̀ mọ́.

Bísí Ìbàdàn: "Agbè ò fọ́" yẹn! Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Ó ṣe mí bíi kí n fọ́ agbè mọ́ ẹnì kan lórí.

Alàgbà: Ẹ má bú àwọn àgbà o. Kí ọkàn òbí má baà já ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bísí Ìbàdàn: Ó já náà, bàbá. Inú yàrá ló ti já.

Léjíọ̀nù: Ìbànújẹ́ méje ni ìjọ kà fún Màríà, sísin ọmọ ni ìkeje. Símíónì ti sọ fún un nígbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ pé idà máa gún un lọ́kàn, Lúùkù 2:35. Ó mọ̀, ó ṣì tẹ̀ lé ọmọ dé ìdí àgbélébùú.

Ẹlẹ́rìí Òtítọ́: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú lọ bá Jésù tààrà? Ère ò gbọ́ràn o.

Léjíọ̀nù: Níbi ìyàwó Kánà, ta ló lọ sọ fún un pé wáìnì ti tán?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Tó o bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá ẹ, ṣé kì í ṣe màmá lò ń rán?

Ẹlẹ́rìí Òtítọ́: Bàbá mi ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀, ẹ̀ ń jà lórí ère.

Káyọ̀dé: Òkè Màríà l'Ọ́tan Ayégbajú ni mo lọ nígbà tí ìyàwó mi kú. Ọkàn mi rí ìtùnú, orúnkún mi ò rí.

Ọmọ Ìdáàṣà: Ẹ wá sọ́dọ̀ wa ní Àrígbó, ibi àdúrà Màríà ní ìlú Ìdáàṣà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti 1954 làwọn èèyàn ti ń wá síbẹ̀, oṣù August ni wọ́n ń pọ̀ jù. Ìdí àpáta ni Màríà wà. Ìyá mi ò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Fọ̀n, ó ṣáà ń bá wọn ka rósárì lọ ní tiẹ̀, "Mo kí ọ Màríà." Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jẹun yó.

Adúnní: Ẹ ṣeun gbogbo yín. Alàgbà, mi ò bínú sáwọn àgbà, ó kàn dùn mí ni. Ọmọ Ìdáàṣà, báwo la ṣe ń débẹ̀?

Ọmọ Ìdáàṣà: Ẹ gba Sẹ́mẹ̀ dé Kùtọnu, kẹ́ ẹ wọ mọ́tò Pàrákú. Ojú ọ̀nà ni Ìdáàṣà wà.

Káyọ̀dé: Ṣé òkè wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìdáàṣà: Ẹ̀gbọ́n, ìlú olókè 41 ni wọ́n ń pè é.

Káyọ̀dé: Ẹ bá mi kí Màríà.