Asẹ́ èéfín ọkọ̀: ẹ̀yin tí ẹ yọ ọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Bàbá Tóbi, Houston

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa awakọ̀ tírélà nílùú yìí, torí náà ẹ jẹ́ ká gbé e síta. Ẹ má sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì o. Tiyín gan-an ni kí ẹ sọ.

Tèmi nìyí. Mo gbé ẹja dídì láti Laredo, mò ń lọ sí Memphis. Mo ti kọjá Dallas nígbà tí iná tàn níwájú mi pé omi DEF kò dáa. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wa ọkọ̀ dísù (diesel), omi yìí ni ọkọ̀ máa ń fọ́n sínú sàlẹ́ńsà kí gáàsì olóró NOx lè di afẹ́fẹ́ tí kò léwu. Láti bí ọdún 2010 ni àwọn tírélà tuntun ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Asẹ́ tó ń gba èédú dúdú ti wà níbẹ̀ ṣáájú, láti 2007. Omi tèmi kún táǹkì, ojúlówó sì ni. Sẹ́ńsọ̀ kan ló kú. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan: bí sẹ́ńsọ̀ bá kú, bí ẹni pé o fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ ló ṣe máa mú ọ. Agbára ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní máìlì márùn-ún ní wákàtí kan ni mo lè sá mọ. Lórí Interstate 30! Ẹni tó ń kiri gúgúrú ì bá ti kọjá mi lọ.

Wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ mi, ẹni tó ni ẹrù ń pè mí láìsinmi, sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún sì wọ́n lọ́jà. Ibi tí mo jókòó sí ni ọ̀gbẹ́ni kan ti sún mọ́ mi, ó rọra ní òun lè pa gbogbo wàhálà yẹn fún mi: òun á yọ asẹ́, òun á tún inú brain box kọ, kò ní béèrè DEF mọ́ láéláé. Owó tó pè ò tó èyí tí mo ti ná. Mo ní rárá. Ẹ má tìtorí ìyẹn pè mí ní ẹni mímọ́ o: òfin Clean Air Act tó ka yíyọ asẹ́ léèwọ̀ ni mo bẹ̀rù, mo sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Àmọ́ mi ò lè bú ẹni tó bá gbà fún un. Òfin tó bá ń fi awakọ̀ sílẹ̀ sójú títì lóru nítorí wáyà kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá oníbàárà fún àwọn tó ń yọ asẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Fontana

Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá Tóbi. Èmi ò yọ nǹkan kan ní tèmi. Àlòkù ni mo rà, wọ́n ti yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi ní Arizona ní ọkọ̀ náà kì í ní ìṣòro DEF rárá. Òótọ́ ló sì sọ! Ohun tí kò sí, ìṣòro wo ló fẹ́ ní?

California ló tú àṣírí rẹ̀. Ètò kan wà níbí tó ń jẹ́ Clean Truck Check: dísù tó bá ti wúwo ju 14,000 pọ́n-ùn lọ, ì báà jẹ́ láti ìpínlẹ̀ míì ló ti wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Wọ́n ki ẹ̀rọ bọ ọkọ̀ mi, ẹ̀rọ ní òun ò rí ohun tí òun ń wá. Mo ra asẹ́, mo ra táǹkì DEF, sẹ́ńsọ̀, wáyà, mo sanwó kí wọ́n tún sọ́fítíwíà tòótọ́ kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó tà á ò gbé fóònù mi mọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Volkswagen kọ sọ́fítíwíà tó mọ ìgbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò, á sì fi ara rẹ̀ ṣe ọmọlúàbí nínú yàrá àyẹ̀wò. Bó bá ti bọ́ sí títì, NOx lè tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà. Bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni wọ́n fi í sí káàkiri ayé kí ìjọba Amẹ́ríkà tó tú u síta ní September 2015. Ilé-iṣẹ́ Cummins náà, lórí irú ẹ̀sùn yìí nípa ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù Ram, gbà láti san $1.675 bílíọ̀nù. Wọ́n sanwó, wọ́n ń bá ọjà wọn lọ. Ta ló lọ sẹ́wọ̀n níbẹ̀? Ẹ wá mú èmi tí mo ní tírélà ẹyọ kan.

Adéọlá, Atlanta

Bọ̀dá, èèyàn lọ sẹ́wọ̀n o. Ẹ̀ńjíníà Volkswagen kan àti máníjà kan ni ilé-ẹjọ́ ní Michigan rán lọ ní 2017, wọ́n fún máníjà yẹn ní ọdún méje. Pé àwọn ọ̀gá pátápátá ò sí lára wọn, ìyẹn ni mo gbà.

Tèmi kúrú. Bàìsíkù ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Pikọ́ọ̀pù dísù kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi iná pupa, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́. Èéfín dúdú bò mí látorí dé ẹsẹ̀, mo ń kọ́, ojú mi ń ta mí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè máa pọ èéfín bẹ́ẹ̀ ni, eré ni wọ́n pè é, wọ́n ń pè é ní rolling coal. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tó kú nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́. Àjọ EPA tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 2020 pé pikọ́ọ̀pù dísù tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ èéfín wọn láàárín ọdún mẹ́wàá ju 550,000 lọ. Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àwọn yẹn mọ́ awakọ̀ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Bàbá Tóbi, Houston

Mi ò kó wọn mọ́ra, Adéọlá. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ìjọba náà ti gbọ́ igbe wa díẹ̀: ní August 2025, EPA ní kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yí sọ́fítíwíà wọn padà kó má baà máa gba agbára ọkọ̀ lójijì. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ìyá Kẹ́hìndé, Catford

Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń fi fáànù (ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) gbé páséèlì kiri Lewisham àti Brockley ní London. Sá díẹ̀, dúró, sá díẹ̀, dúró. Asẹ́ dísù ò fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn, torí ó gbọ́dọ̀ gbóná gidi kó tó lè jó èédú tó kó sínú rẹ̀. Ó dí. Gáréèjì kan ní àwọn á là á, àwọn á kó ìfun rẹ̀ dànù, àwọn á sì jó o pọ̀ padà, pé ẹni tó ń ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí, ò ní mọ̀ tó bá yọjú wò ó lábẹ́. Láti May 2018 sì rèé, bí wọ́n bá rí àmì pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, ọkọ̀ ti já nìyẹn, owó ìtanràn fáànù sì lè dé £2,500.

Ọkọ mi ní kámẹ́rà ULEZ, ètò tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ onídọ̀tí ní London, nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń kà, kò ní imú. Òótọ́ ni. Mo ní kò burú, àmọ́ èmi ní imú, Kẹ́hìndé náà ní, inhaler ló sì ń lò. South Circular ò jìnnà sí wa. Nítòsí ọ̀nà yẹn ni Ella Adoo-Kissi-Debrah gbé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí asthma pa ní 2013. Ní December 2020 ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ onídọ̀tí wà lára ohun tó ṣekú pa á, irú èyí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ọmọ náà jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n wá jókòó kí wọ́n máa la asẹ́?

A tú u, wọ́n fọ̀ ọ́. Ní báyìí, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ mi á gbé fáànù náà gba A2 lọ sí ọ̀nà Canterbury kó lè gbóná dáadáa. Ó ń kùn, àmọ́ ó ń lọ.

Káyọ̀dé Mẹkáníìkì, Mushin

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ohun tó wà lára ọkọ̀ lẹ ń jà lé lórí. Níbí, ohun tí kò dé rárá là ń sọ. Mo ti gbé tòkunbọ̀ sókè lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá páìpù lásán níbi tó yẹ kí kátálíìsì wà, ìyẹn ohun tó ń sọ gáàsì olóró inú èéfín di èyí tí kò léwu. Wọ́n ti gé e lọ́hùn-ún kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀. Ìjọba Netherlands fúnra wọn yẹ àwọn àlòkù tó ń bọ̀ ní Áfíríkà wò, wọ́n sì gbà nínú àbọ̀ wọn ní 2020 pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ kátálíìsì rẹ̀.

Èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó, tiwa ò ní jẹ́ kó bọ́. Àwọn tó ń rà á ń wọ ṣọ́ọ̀bù kiri. Mẹkáníìkì á ní òun ló ń fa ọkọ̀ yín sẹ́yìn. Ẹ ó sanwó iṣẹ́ fún un, á sì tún gba owó ẹrù yín. Mo mọ àwọn tó fi kọ́lé.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá gbogbo ẹ̀bi lé wa lórí. ECOWAS ní kí súfọ̀ (sulphur) inú epo tó ń wọlé má ju 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù) lọ láti January 2021. Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀: dísù tí òfin Nàìjíríà fàyè gbà tẹ́lẹ̀ dé 3,000 ppm, ti Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ ju 15, ti Yúróòpù ò gbọdọ̀ ju 10. Asẹ́ tí wọ́n ṣe fún epo wọn, báwo ló ṣe fẹ́ pẹ́ lórí tiwa? Mo yọ asẹ́ jíìpù dísù kan tó ti dí pátápátá, oníbàárà náà ò ní ibi tó ti fẹ́ rí epo mímọ́ rà. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ti bẹntiróòlù yàtọ̀: kátálíìsì tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, mi kì í yọ ọ́, ohun yòówù kí wọ́n pè.

Bùnmi, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, mo fẹ́ ra Corolla tòkunbọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀?

Káyọ̀dé Mẹkáníìkì, Mushin

Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè. Bí ẹ bá rí ojú jíjó tuntun níbi tí irin tó kù ti dípẹtà, ẹ béèrè. Tó bá tutù, ẹ fi ọwọ́ gbá a: èyí tí ìfun rẹ̀ ti lọ á dún gbàùn, èyí tó ti fọ́ á máa mì ṣàkàṣàkà. Lẹ́yìn náà, ẹ ki scanner bọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjèèjì, ti iwájú kátálíìsì àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ti iwájú á máa sáré sókè sódò, ti ẹ̀yìn ló yẹ kó dúró jẹ́ẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń sáré, kátálíìsì ti lọ. Àwọn kan ń fi irin kékeré gbé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn jìnnà kí kódù P0420, tó ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ dáadáa, má baà jáde, torí náà ẹ wò ó dáadáa. Kí ẹ sì wo iná check engine nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó sítáàtì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀; ẹ yáa yọ owó kátálíìsì kúrò nínú iye tí wọ́n pè.