Ìfági àtijọ́: ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Onífági, Kúbwà
Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìfági onírin àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn baban bola tó ń ṣa irin àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ìpẹtà bà yín lẹ́rù. Ìpẹtà máa ń ṣí. Ohun tí mi ò gbà ni ara tó ti sán. Irin tí wọ́n dà ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Bó bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ṣe ló ń là. Ẹ dojú rẹ̀ sókè, ẹ ta kẹrosíìnì sí igun ẹnu méjèèjì níbi tí abẹ ti ń yọ, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí kẹrosíìnì bá tún sun jáde ní ìlà tín-ín-rín, ó ti sán nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Abẹ ló kàn. Bí etí rẹ̀ bá ti súnmọ́ ihò gbọọrọ àárín, wọ́n ti pọ́n ọn tán. Ìfági Stanley tí wọ́n tẹ àwọn déètì MAR-25-02, AUG-19-02 àti APR-19-10 sí lára lẹ́yìn àga abẹ, ìyẹn irin tí abẹ ń jókòó lé, ti nǹkan bí 1910 sí 1918 ni. Ìyẹn yẹ ní títọ́jú.

Àbúrò Káfíńtà, Minna
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ní ti ìpẹtà: abẹ àti àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ rì sínú fínígà funfun mọ́jú. Bó bá pẹ́ jù, ásíìdì á máa jẹ irin gan-an. Ẹ fi omi káún tí a fi ń se ẹ̀wà ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi òróró ẹ̀rọ pa á. Lásìkò òjò, bí ẹ bá fi falẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìpẹtà ti tún mú un.

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù, Kugbo
Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lẹ sáńpépà 80 mọ́ gíláàsì tó nípọn. Ẹ jẹ́ kí abẹ wà nínú rẹ̀, kí ẹ dè é le bí ẹni fẹ́ fági, àmọ́ kí etí abẹ wọlé. Dídè yẹn ń tẹ ara irin díẹ̀. Ẹni tó tú u kó tó gbo ó, ìsàlẹ̀ á tún wọ́ lọ́jọ́ tó bá dè é. Ẹ fi máàkà fa ìlà dábùú rẹ̀: ibi tí ìlà kò parẹ́ ni kòtò wà. Orí, ìdí àti iwájú ẹnu gan-an ló gbọ́dọ̀ tẹ́. Kòtò kékeré láàárín kò ní ṣe nǹkan kan.

Igi ọ̀gànwó tí àwọn Hausa ń pè ní madaci, iṣan rẹ̀ máa ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń fà ya. Ẹ pọ́n abẹ ní dígírì 30, kí ẹ sún irin ìdérí, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó bo orí abẹ, dé ìdajì mìlímítà sí etí abẹ. Bí èérún bá ń há sábẹ́ ìdérí, ìdérí ò jókòó dáadáa. Ẹ fá ojú rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní gba àárín òun àti abẹ kọjá.

Lásìkò ọyẹ́, ọwọ́ onígi máa ń sún kì, á máa mì. Ẹ fi wáṣà kan sí i lórí. Ẹ má fi agídí fún nọ́ọ̀tì, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń là.