Gentamicin ń tètè jáde jù nínú hóró alginate: kí ni ká yí padà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí hóró tín-ín-tín tó ń gbé oògùn, ẹ gbà wá o. A fẹ́ kí gentamicin, oògùn apakòkòrò, máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 14 lójú egungun tí kòkòrò Staphylococcus aureus ń jẹ, láìjẹ́ pé ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí yóò ba kíndìnrín tàbí etí jẹ́.

A po 2 mg gentamicin mọ́ 9.5 mL alginate (èròjà láti ara koríko òkun, tí calcium ń mú dì), 0.6 mg/mL. Bí oògùn bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ló ń dì. A kán 0.5 mL calcium chloride 18 mM sí i bí a ti ń rò ó, lẹ́yìn náà 2 mL chitosan (èròjà láti ara èèpo edé) 0.5 mg/mL, pH 5, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nínú PBS (omi oníyọ̀ tó ní phosphate), pH 7.4, 37°C, ó lé ní ìdajì oògùn tó ti jáde kí wákàtí 6 tó pé. OPA, kẹ́míkà tó ń so mọ́ oògùn náà kó lè hàn, la fi ń kà á ní 332 nm, torí gentamicin fúnra rẹ̀ kì í hàn lójú ẹ̀rọ UV. Ìfura wa ni pé phosphate inú PBS ló ń já calcium gbà lọ́wọ́ alginate, tí sodium sì ń gba àyè oògùn. Ṣé omi Tris oníyọ̀, tí kò ní phosphate, tó ní calcium 1.2 mM, bíi ti inú ẹ̀jẹ̀, ló yẹ ká lò?

Èyí tó ká wa lára jù ni bí a ṣe máa so chitosan náà le. Glutaraldehyde, kẹ́míkà tó ń so chitosan le, á so mọ́ amine (apá tó ní nitrogen) ara gentamicin pẹ̀lú. Amine kan náà ni genipin, kẹ́míkà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ń wá. Ẹni tó bá ti so chitosan le kó tó fi oògùn sí i, báwo ni oògùn tó wọlé ṣe pọ̀ tó?