Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kíkó ìkànnì ìtajà tó ń ṣiṣẹ́ lọ sí àkáǹtì AWS mìíràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkànnì tí àwọn oníṣòwò àdìrẹ kan ní Òṣogbo fi ń tajà ni mò ń bójú tó. Inú àkáǹtì AWS (iṣẹ́ Amazon tó ń yáni ní kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti ẹni tó kọ́ ọ ló ṣì wà. Ẹgbẹ́ ti wá ṣí tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kí n kó o síbẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun oṣù kẹjọ tó dé, torí ìgbà yẹn ni ọjà máa ń yá jù.

Database, ibi tí àkọsílẹ̀ ìtajà wà, ló ń kó ọkàn mi sókè. Kọ́kọ́rọ́ tí AWS fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso ni wọ́n fi ti RDS náà (database tí AWS ń bá wa gbé), snapshot rẹ̀ (ẹ̀dà gbogbo dátà inú rẹ̀ bó ṣe rí ní àkókò kan) kò sì ṣeé pín fún àkáǹtì mìíràn, àfi kí n kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tiwa láti inú KMS (ibi tí AWS ti ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dátà) ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ọjà tí oníbàárà bá sanwó rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti ya snapshot ńkọ́? Àwọn ìyá wọ̀nyí ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí aṣọ yìí. N kò fẹ́ kí ẹyọ kan sọnù.

Ṣé kí n ti ìkànnì náà lóru ni, àbí kí n fi DMS (irinṣẹ́ AWS tó ń da dátà láti database kan sí òmíràn) máa da dátà kọjá títí a ó fi yí DNS (ohun tó ń darí orúkọ ìkànnì sí kọ̀ǹpútà tó wà)? Màá ti dín TTL (iye ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀ǹpútà mìíràn lè fi rántí àdírẹ́sì DNS àtijọ́) kù sí 300 ṣáájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, èwo lẹ yàn, kí sì nìdí?