Àbọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn Màmá

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè lóṣù tó kọjá ìdí tí dókítà fi fẹ́ fi síkúrù de eegun ìbàdí Màmá, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ti ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ̀pá irin tí wọ́n fi gbé eegun ẹ̀yìn dúró bá gùn, tó jẹ́ síkúrù S1 (èyí tó wọ apá òkè sacrum, eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) nìkan ló gbé e dúró nísàlẹ̀, síkúrù náà lè tú tàbí kó kán. S2AI, irú síkúrù mìíràn, ni wọ́n lò: ó gba inú sacrum, ó la oríkèé kọjá wọnú ilium, ìyẹn eegun ìbàdí. Orí rẹ̀ jìn sínú ara ju ti síkúrù iliac lọ, èyí tí wọ́n máa ń fi sí ilium tààrà, kì í sábà ti awọ síta. Kí síkúrù má ti awọ síta ni mo ń bẹ̀rù jù, torí Màmá ò lẹ́ran lára. Lánàá, Màmá fi wọ́ka rìn dé ìdí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ní Kàbà, wọ́n ní kí n ká mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó parí síbí.