Mo ti rí ojútùú VLOOKUP mi o

Ẹ rántí pé mo figbe ta níjọ́sí pé VLOOKUP, fọ́múlà Excel tó ń bá mi wá iye owó ọjà nínú tábìlì, ń fún mi ní iye owó ìrẹsì nígbà tí mo béèrè ti ẹ̀wà? Ẹ̀bi mi ni. Mi ò fi FALSE, tó ń sọ fún un pé orúkọ tó bára mu gẹ́lẹ́ ni kó wá, sí ìparí, ó sì gbà pé mo ti to orúkọ ọjà ní A, B, D. Mo fi sí i, ló bá di #N/A, ìyẹn ni pé kò rí i! Àṣé ọmọ tó ń tẹ orúkọ ọjà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kubwa ti fi àlàfo kan sẹ́yìn “ẹ̀wà ”. Ta ló máa rí ìyẹn? TRIM, fọ́múlà tó ń yọ àlàfo tó ṣẹ́ kù, ló gbá a dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lo XLOOKUP, ẹ̀yà tuntun rẹ̀, Excel 2016 ni tèmi, kò sí níbẹ̀.

Ṣáátì ọjà tá a tà náà ti jáde, ọ̀pá-ọ̀pá ni mo yà á. Alájì tó ń kó ọjà wá fún wa láti Kánò wò ó lẹ́ẹ̀kan péré: “Ẹ̀wà ló ń tà tó báyìí?” Ẹ ṣeun, mo ti pa ìbéèrè mi dé.